Ẹ gbà mí o, ọkọ mi kékeré ò sùn mọ́

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa lábà fẹ́ pa mí. Owó àjọ mi ni mo fi ra ọ̀kadà fún un, ó ti tà á. Ó ta jẹnẹrétọ̀. Kòkó tá a sá, ó gbé àpò kan lóru. Ìyá ọkọ mi wá ń sọ kiri pé ebi ni mo fi ń pa ọmọ òun tó fi rù báyìí. Èmi tí mò ń gúnyán! Kì í jẹ ẹ́. Á máa rìn káàkiri mọ́jú, á ní àwọn kan ń ṣọ́ òun lórí páànù. Pásítọ̀ ní ká mú un wá, àwọn á fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é títí ẹ̀mí náà á fi jáde. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Igbó ni. Ẹ nà án dáadáa.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Igbó kọ́. Ebi máa ń pa ẹni tó bá fagbó ni. Èyí tí kò jẹ, tí kò sùn, áìsì ni kẹ́ ẹ fura sí, oògùn olóró tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Eyín rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ta ló ń fún un? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é o. Ẹ gbé e lọ Àró, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta.

Màmá Ṣẹ́gun: Ọmọ tèmi, kọ́lọ́rádò ni, oògùn olóró míì. Fíríìsà tí mo fi ń ta ẹja ló kọ́kọ́ lọ. Mo gbààwẹ̀ títí...

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Wọ́n na ẹ̀gbọ́n mi, ó sì jáwọ́.

Bàbá Ìkòròdú: Ní 2021, wọ́n na àwọn tó ń mu mkpuru mmiri, áìsì yìí kan náà, ní gbangba nílẹ̀ Ìgbò. Ṣé ó tán ńbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Mi ò tíì san owó ọ̀kadà yẹn tán o! Eyín rẹ̀ ń jẹrà lóòótọ́, mo ṣe bí súìtì ni. Kò sẹ́ni tó ń ta nǹkankan lábà wa. Àwọn àlejò tó háyà ilẹ̀ ọkọ mi létí odò nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́ lóru. Ajílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Òórùn kẹ́míkà wọn pọ̀, àmọ́ èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, owó ọdún méjì ni wọ́n san lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Ìkòròdú: Ajílẹ̀ wo ni wọ́n ń ṣe lóru? Ibi tí wọ́n ti ń se áìsì lẹ ń júwe yẹn! Irú ẹ̀ ni NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, bá ní Asaba ní 2016, tí wọ́n mú àwọn ará Mẹ́síkò. Ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó ń sè é. Ẹni tó mọ̀ tó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ náà á ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ pe NDLEA, 080010203040, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì: Ta ló dárúkọ ẹ̀wọ̀n? Ọ̀rọ̀ oorun ni mo béèrè. Owó yẹn la fi san síkúùfíì àwọn ìbejì.

Màmá Ṣẹ́gun: Alámòójútó, ẹ pa pósítì yìí rẹ́ kí àwọn yẹn tó rí i!

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ kúrò lábà. Èéfín yẹn léwu, ó sì lè gbiná. Ẹ má lọ bá wọn jà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo ṣì ní kẹ́ ẹ nà án.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Èló ni mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Àró?