«Aṣọ́riwo» kọ́ o: ẹ jẹ́ ká gbé «awọ̀nró» yẹ̀ wò

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìlọrin dá a lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a máa pe ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sórí òpó níta láti mọ bí ariwo àdúgbò ṣe tó ní «aṣọ́riwo». Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti ń kan sáárá sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mo ní ẹjọ́ rò.

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan lára ẹ̀rọ ọ̀hún ti wà ní abúlé wa nítòsí Kàbà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn òkè. Àbúrò mi wà lára àwọn tó gbé e ró, èmi náà sì bá wọn ru bátìrì. Nígbà tí àwọn àgbà béèrè ohun tó ń ṣe, ọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ló bá ní, «Ó ń ṣọ́ ariwo ni.» Bí ọ̀sẹ̀ kejì ṣe dé, wọ́n yin àpáta lówùúrọ̀, páànù ilé gbogbo ń gbọ̀n. Ìyá àgbà kan jáde, ó lọ dúró lábẹ́ òpó náà, ó gbójú sókè: «Ìwọ aṣọ́ yìí, ṣé oorun lò ń sùn ni?»

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìyá gbọ́ Yorùbá ju àbúrò mi lọ. Aṣọ́gbà, aṣọ́bodè, ẹni tó bá ń ṣọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ lè figbe ta nígbà tí olè bá dé, bí kò tilẹ̀ lè mú un. Ẹ̀rọ yìí kì í figbe ta, kì í sì í mú ẹnikẹ́ni. Iye ló ń kọ. Ó ní káàdì síìmù nínú, ó ń fi iye náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn tó ni ín. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì ṣe bó ṣe máa ń ṣe láàárín àwọn òkè wa yẹn, á tọ́jú rẹ̀ títí nẹ́tíwọ̀kì á fi padà dé.

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà, «ariwo», ló tún ń jà mí níyàn jù. Ariwo kì í ṣe ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹjọ́ tí etí ti dá ni. Ìlù àríyá mi lè jẹ́ ariwo létí yín. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán, tí ìrẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru, iye tí ẹ̀rọ náà kọ lóru lọ sókè, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fọ́ òkúta lóru. Ta ló máa ń pe igbe ìrẹ̀ ní ariwo nílé wa? Oorun ni wọ́n fi ń sùn. Ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀ ìrẹ̀ sí ẹ̀tù. Ìró ló ń gbọ́, ìró nìkan. Òfin tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, ṣe lọ́dún 2009 lè sọ̀rọ̀ nípa ariwo, torí òfin ló ń dájọ́.

Àbúrò wa tó ń kàwé ní Ifẹ̀ mú «agbóhùn-òkèèrè» wá. Háà! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn ní abúlé wa. Bàbá kan ti kọ́kọ́ bi wá bóyá ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ohun tí òun bá ìyàwó òun sọ lóru. A ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ. Òótọ́ ni pé òmíràn nínú wọn lè gba ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye lásán ni ti wa ń fi ránṣẹ́. Bí a bá wá fi «ohùn» sínú orúkọ rẹ̀, òru ọjọ́ kan ni wọ́n á ti òpó yẹn ṣubú.

Èmi rò pé «awọ̀nró» ló tọ́ sí i: ohun tó ń wọn ìró, bí awọnlẹ̀ ṣe ń wọn ilẹ̀. Èyí tí à ń fọwọ́ mú kiri, kí a pè é ní awọ̀nró àfọwọ́mú. Ti orí òpó, kó jẹ́ awọ̀nró aránṣẹ́.

Mo mọ ohun tí Bàbá Olùkọ́ máa sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lórí fóònù: pé «wọ̀n» á ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kọ́ńgò gààrí kan pẹ̀lú kọ́ńgò kan, kọ́ńgò méjì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìlọta kan bá ń ké ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìró), tí wọ́n gbé irú rẹ̀ kan sí i tòun náà ń ké 80, àpapọ̀ wọn kì í di 160. 83 ni. Tó bá sì fi 10 lọ sókè, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìlọ́po méjì ni etí ń gbọ́ ọ. Òdodo ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ bu omi tó gbóná dọ́gba láti inú ìkòkò méjì pọ̀, ṣé gbígbóná rẹ̀ di ìlọ́po méjì? Síbẹ̀ a ń wọn ìgbóná ara ọmọ nílé ìwòsàn, kò sì da ìyá ọmọ láàmú.

Àléébù kan tó kù lára rẹ̀, mo tètè ń jẹ́wọ́: àwọn obìnrin á ní télọ̀ tó ń wọn ìró àti bùbá ló dé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ ju kí wọ́n máa bá òpó jà lọ.

Ní ti dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Orúkọ èèyàn ló wà nínú rẹ̀, Alexander Graham Bell tó gba ìwé ẹ̀tọ́ tẹlifóònù lọ́dún 1876, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ èèyàn.

Ẹnìkan tún béèrè orúkọ ohun kékeré bí ife tí wọ́n máa ń dé mọ́ gbohùngbohùn ẹ̀rọ náà láti dán an wò kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 94 gan-an ni ife yẹn ń ké, bí ẹ̀rọ náà ò bá sì ka 94, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. «Adánwò» ni mo fẹ́ pè é, ẹ ràn mí lọ́wọ́ bí ẹ bá ní èyí tó dára jù ú lọ. Fọ́ọ̀mù dúdú rogodo tó ń gba afẹ́fẹ́ dúró lórí gbohùngbohùn náà ńkọ́? Fìlà ni àwọn ọmọ tó gbé e ró ń pè é. Ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn.