Èsì: "Àrùn olórí-kékeré"? Ẹ fi orí sílẹ̀ o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún ohun tí Zika, fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ń fi ṣe ọmọ inú oyún tí wọ́n fi ń bí òmíràn pẹ̀lú orí tó kéré jù, mo fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n "àrùn olórí-kékeré" tí ẹ̀gbọ́n wa gbé wá lánàá kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ta ni olórí? Bí mo bá délé wí pé olórí kékeré ń bọ̀, àga ni wọ́n máa sáré gbé. Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Orí gan-an tí ẹ fà wọ ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú, ẹ ò lè ní orí ọmọ kéré kó má kan ìpín ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀, ẹ wá di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀fọn ru Àjàlá tó ń mọ orí. Orí burúkú kì í wú tuulu, ẹ̀yin fẹ́ fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Téèpù ọ̀hún náà ò tó. Ní Brasil, lọ́dún 2015 tí wàhálà yìí bẹ́ ní Recife àti gbogbo Pernambuco, ìjọba kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ọmọ tí yíká orí ẹ̀ kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 33 lọ sílẹ̀, kí ọdún tó parí wọ́n ti sọ ọ́ di 32. Àwọn dókítà tún wá rí ọmọ 13 tí Zika ti kó láti inú oyún àmọ́ tí orí wọn ò kéré nígbà tí wọ́n bí wọn, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni orí 11 nínú wọn wá ń falẹ̀ láti dàgbà. Kí lẹ fẹ́ pe àwọn yẹn? Àwọn tó jẹ́ pé ojú wọn ló bà jẹ́ ńkọ́, àbí àwọn tí oríkèé wọn le gbagidi?

Ẹni tó ní "àbímọ́" sún mọ́ ọn díẹ̀, mọ́ yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí a bí mọ́ni, bí ẹ̀jẹ̀ SS, ara bàbá àti ìyá ló ti wá. Zika ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn ló gbé e bá aláboyún, fáírọ́ọ̀sì gba inú ibi ọmọ kọjá lọ ba ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà jẹ́. Kíkó ló kó o! Ìdí tí mo fi dábàá "àkóbí" nìyẹn, à-kó-bí, bí wọ́n ṣe so ọ̀rọ̀ à-bí-kú pọ̀ náà ni mo ṣe so ó. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á pariwo àkọ́bí, ẹ lọ wo àmì abẹ́ ọ, ẹni tí kò bá lè fàmì sábẹ́ ọ̀rọ̀, kí ló ń wá láàárín wa?

Ẹni tó kọ "àrùn ẹfọ̀n" ńkọ́? Ẹfọ̀n, ẹran oníwo inú igbó! Ẹ̀fọn náà, ẹ sọ irú èyí tó jẹ́, torí òru ni ẹ̀fọn ibà ń jáde, ojúmọmọ ni ẹlẹ́sẹ̀ abilà tó ń gbé Zika ń jẹni, àwọ̀n orí bẹ́ẹ̀dì nìkan ò lè gba aláboyún lọ́wọ́ ẹ̀. (Ẹni tó ní yànmùyánmú ni ojúlówó, ìjà yẹn ṣì ń bọ̀.)

Ẹ sì yéé pè é ní àrùn Brasil. Igbó Zika ní Uganda ni wọ́n ti rí i lára ọ̀bọ ní 1947, wọ́n sì ti tẹ ìwádìí jáde láti Ìbàdàn ní 1979 lórí bó ṣe ń mú èèyàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ìyá bàbá mi gbẹ̀bí títí wọ́n fi darúgbó. Bí ọmọ bá dé tó yàtọ̀, wọ́n á fọwọ́ ra àwùjẹ̀ ẹ̀ pẹ́lẹ́, wọ́n á ní "àlejò yìí ń fẹ́ sùúrù." Mi ò gbọ́ "orí" lẹ́nu wọn rí. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá nígbà tí mo ṣì wà ní jéléósinmi, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí olórí yẹn ná.