Ọ́ìlì ń jò wọ inú dánámò MG PB 1936: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. MG PB ni, ọkọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì 939 cc, kábúrétọ̀ SU méjì. 526 péré ni wọ́n ṣe, kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń fi dánra wò.

Dánámò rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná) dúró lóòró níwájú ẹ́ńjìnnì, òun ló sì ń gbé yíyí láti kráńkì lọ sí kámṣáfùtì (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) lókè. Ọ́ìlì ń ti orí ẹ́ńjìnnì sàn wálẹ̀, ó ń rin búrọ́ọ̀ṣì inú dánámò, bátìrì kò sì gba iná mọ́. Ihò tí ọ́ìlì fi ń padà sísàlẹ̀ kò dí. Síìlì òkè dánámò ni mo fura sí.

Ṣé síìlì rọ́bà òde òní lè wọ ibẹ̀ láìgé irin? Kí n tó tú u, màá gbé písítìn kìíní dé òkè pátápátá, màá sàmì sí ṣáfùtì, kí táímíǹgì má baà sọnù. Jíà bevel (jíà eléyín dídagun tó so dánámò mọ́ kámṣáfùtì) ló ń dẹ́rù bà mí: bó bá fún jù, á máa hu, bó bá dẹ̀ jù, eyín rẹ̀ á jẹ. Ṣímù (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń tún àlàfo ṣe) mélòó lẹ sábà ń fi sí i, báwo lẹ sì ṣe ń wọn àlàfo àárín eyín jíà náà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n yọ dánámò dànù. Láìsí i, kámṣáfùtì kò ní yí.