Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú àti físà ojú ọ̀nà: kí ni ojú yín rí?

Ọmọ Adó:
Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi obìnrin ti gba físà Kánádà, ó sì rí tíkẹ́ẹ̀tì kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Èkó sí Toronto, tí yóò gba Paris àti Frankfurt kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀.

Ìyá Táyé:
Kí ó má rà á.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ìyá wa, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Frankfurt ni èmi náà gbà dé Toronto, físà Kánádà nìkan ni ó sì wà nínú páásípọ́ọ̀tì mi.

Ìyá Táyé:
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ pààrọ̀ ọkọ̀, inú pápákọ̀ kan náà ni ẹ sì wà. Lóòótọ́, ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù bíi Faransé àti Jámánì tí wọ́n pa ẹnubodè wọn pọ̀ di ọ̀kan, físà Kánádà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá sì máa ń yọ ènìyàn nínú òfin yẹn. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò abẹ́lé ni wọ́n ka Paris sí Frankfurt sí. Ní Paris gan-an ni ó ti wọ Schengen, físà ìwọ̀lú ni wọn yóò sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi dá ọmọ mi padà ní káńtà ní Ìkẹjà nìyẹn, tẹrù-tẹrù, àwọn tí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì náà kò sì dá kọ́bọ̀ padà.

Àdìó:
Àwọn òǹtajà náà ni wọ́n jẹ̀bi.

Ajẹ́ńtì Mókọ́lá:
Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé arìnrìn-àjò ni yóò wá físà ara rẹ̀. Èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ méjì tí kò bára wọn dòwò pọ̀, tí wọ́n so mọ́ra bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Ẹrù kò ní kọjá tààrà. Ènìyàn yóò jáde lọ gbà á, yóò tún lọ sí káńtà mìíràn, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láì kọjá lọ́dọ̀ aṣọ́bodè.

Àdìó:
Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ káńtà wa kò láàánú.

Ajẹ́ńtì Mókọ́lá:
N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé lè san owó ìtanràn, òun náà ni yóò sì gbé e padà wálé.

Àjànàkú:
Ẹ fi Amẹ́ríkà kún un. Bí ènìyàn kò tilẹ̀ ní jáde ní pápákọ̀ Atlanta, tí ó jẹ́ pé São Paulo ni ó ń lọ, ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà wọn.

Ọmọ Adó:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀kan wà tí ó gba Frankfurt nìkan, ó kàn wọ́n díẹ̀ ni.

Ìyá Táyé:
Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá ẹrù rẹ̀ yóò dé Toronto tààrà.