Àkọsílẹ̀ láíkìn Pyxine cocoes: ṣé inú ìlú Abẹ́òkúta ni “Abeokuta” ara àpò àtijọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kó àkọsílẹ̀ Pyxine cocoes jọ, ìyẹn láíkìn (ẹ̀dá tí olú àti ewédò kéékèèké para pọ̀ di) eléérú tó máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ èèpo àgbọn àti ọ̀pẹ, kí n lè ya máàpù ibi tí wọ́n ti rí i ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn àpò ìwé kan tí wọ́n kó láíkìn sí wà ní ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ tí kò sí ohun mìíràn lára wọn ju “Abeokuta” àti ọdún lọ. Ṣé inú ìlú ni kí n fi àmì wọn sí? Bákan náà, mo rí nọ́ńbà olùkójọ kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tí olùkójọ fún ohun tó ká, ní ilé ìpamọ́ méjì. Ṣé kí n kà á sí ẹyọ kan ni àbí méjì?

Bàbá Ìbarà:
Ọmọ mi, ọdún yẹn gan-an ni kí o kọ́kọ́ wò. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Pírófíǹsì Abẹ́òkúta kó ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa báyìí, pọ̀ mọ́ra, nítorí náà ẹni tó ká láíkìn ní Ìlaró lè kọ Abẹ́òkúta sí i láìpurọ́. Ìjẹ̀bú ní pírófíǹsì tirẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀; bí o bá rí “Ogun” lára àpò tó ṣáájú ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé odò ni wọ́n ń sọ. Níbi tí kò bá ti dá ọ lójú, kọ iye kìlómítà tí àmì náà lè fi yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Olùtọ́jú Àpò:
Bí orúkọ olùkójọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ bá bára mu, ìkójọ kan ṣoṣo ni. Wọ́n sábà máa ń pín ohun tí wọ́n bá ká, kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kí wọ́n sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí Kew, ilé ìpamọ́ ewéko ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ láíkìn ní wàhálà tirẹ̀: oríṣi mélòó kan lè jọ wà lórí ẹ̀kúfọ́ èèpo kan, tí ohun tó wà nínú àpò méjèèjì kò sì ní jẹ́ ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá gbà ọ́ láàyè, tan iná ultraviolet (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí) sí wọn. Pyxine cocoes yóò tàn ní àwọ̀ ìyeyè. Dirinaria picta, láíkìn mìíràn tí wọ́n sábà máa ń ṣì mú fún un, kì í tàn bẹ́ẹ̀. Iná yìí kì í ba láíkìn jẹ́ bí kẹ́míkà tí à ń kán sí i láti dá a mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá. Apá Ìmẹ̀kọ ṣófo pátápátá nínú àkójọ mi. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé kò sí níbẹ̀?

Olùtọ́jú Àpò:
Rárá. Ojú ọ̀nà mọ́tò àti rélùwéè ni ọ̀pọ̀ olùkójọ máa ń tọ̀. Wá àkọsílẹ̀ àwọn láíkìn mìíràn láti Ìmẹ̀kọ: bí àwọn olùkójọ bá ti yẹ ara ọ̀pẹ wò níbẹ̀, tí wọ́n kó àwọn yòókù tí wọn kò sì kó tìrẹ, àìsí rẹ̀ ní ìtumọ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí láíkìn kankan rárá láti ibẹ̀, fi apá yẹn sílẹ̀ láìkùn.