Òfin ò yí padà, kí ló dé tí gígé igbó fi ń lọ sókè sódò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nǹkan kan ń rú mi lójú. Láti ọdún 1998 ni Brazil ti ní òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ba àyíká jẹ́. Síbẹ̀, igbó Amazon tí wọ́n gé lọ́dún 2004 lé ní kìlómítà 27,000 níbùú lóròó. Nígbà tó di 2012, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 4,600. Ní 2021, ó tún ti gùn ún padà dé 13,000. Ṣé àwọn olórí ló ń fà á ni, àbí iye tí wọ́n ń ta ẹran màlúù àti ẹ̀wà sóyà?

Alábẹ̀wò Tẹ́lẹ̀:
Ọjà lọ́wọ́ sí i, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe alábẹ̀wò àyíká, mo sì ti rí bí wọ́n ṣe ń dá òfin dùbúlẹ̀ láìfagi lé e. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ má ṣiṣẹ́. Owó epo ọkọ̀ ni kò ní jáde. Fáìlì ẹ̀sùn á wà lórí tábìlì ọ̀gá títí àkókò ìgbẹ́jọ́ á fi kọjá. Ẹni tó gbóná mọ́ iṣẹ́, wọ́n á gbé e lọ síbi tí kò ti ní rí nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ wo Brazil fúnra rẹ̀. Ní 2019, sátẹ́láìtì fi hàn pé gígé igbó ń pọ̀ sí i. Ààrẹ Bolsonaro ní irọ́ ni, wọ́n sì yọ Ricardo Galvão, ọ̀gá àjọ INPE tó ń ṣírò rẹ̀, nípò. Agégi tó gbọ́ ìyẹn, ta ni yóò tún máa bẹ̀rù?

Ìyá Ìbejì:
Àwọn aṣòfin náà lè dá olórí dúró o. Lọ́dún 1981, Ààrẹ Reagan fi Anne Gorsuch ṣe ọ̀gá àjọ EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà. Owó àjọ náà dín kù, ẹ̀ka tó ń mú arúfin sì túká. Nígbà tó kọ̀ láti kó ìwé fún ilé aṣòfin, wọ́n dá a lẹ́bi. Ó fipò sílẹ̀ ní March 1983.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin:
Ẹ ṣeun gan-an. Kí ni kí n máa wò, tí ìjọba tuntun bá dé?

Alábẹ̀wò Tẹ́lẹ̀:
Ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Marina Silva tó jẹ́ mínísítà àyíká ní Brazil láti 2003 sí 2008 padà sípò yẹn ní 2023, gígé igbó sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 9,000 lọ́dún náà. Nítorí náà, ẹ wo ẹni tí wọ́n yàn. Ṣùgbọ́n èmi o, ìwé ìṣúná ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí: ibi tí wọ́n kọ owó ọkọ̀ àti owó oṣù àwọn alábẹ̀wò sí.