Ojú mi ò gbẹ ní wọ́ọ̀dù, ṣé èèyàn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ara ẹni níjàánu?

NọọsiỌla: Ẹ káàsán o ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ọdún kejì ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n pín mi sí báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan kú, ibà ni, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé, ìyá ẹ̀ wá dì mọ́ mi, bí èmi náà ṣe bú sẹ́kún nìyẹn. Sísítà, ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní tí mo bá mọ̀ pé ojú mi ò lè gbẹ kí n yáa lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ọjọ́ kejì ni bàbá ọmọ mìíràn bú mi torí pé wọ́n ní kó lọ ra gílóòfù àti síríńjì, mi ò fèsì o, àmọ́ ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe fẹ́ fa oògùn fún ẹlòmíì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Wọ́n kọ́ wa ní egungun, wọ́n kọ́ wa ní oògùn, ta ló fẹ́ kọ́ wa ní eléyìí? Àbí wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni?

Ìyá Wọ́ọ̀dù: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ń sọ fún ẹ pé ẹkún yẹn ò burú. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn gan-an ni kó o mójú tó, torí inú tó ń ru ló ń jẹ́ kéèyàn ṣi oògùn ọmọdé wọ̀n. Kó o tó fọwọ́ kan oògùn, lọ fọwọ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní tó bá jẹ́ omi àti ọṣẹ, kó tó ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, má kánjú, bi ara ẹ níbẹ̀ pé kí ló ń ṣe mí gan-an, ṣé ìbínú ni àbí ìtìjú àbí ebi. Ebi wà níbẹ̀ o, má rẹ́rìn-ín. Tí ọwọ́ ò bá tíì dúró, pe ẹlòmíì kó bá ẹ wo ìwọ̀n ẹ̀.

Baba_Ibeji: Ẹ má bínú o, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, àmọ́ ìyàwó mi bímọ ní ọsibítù kan, bí wọ́n ṣe ń jágbe mọ́ ọn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn mi ò lè gbàgbé. Ẹni tí wọn ò kọ́ nílé, ilé ìwé wo ló fẹ́ kọ́ ọ? Ìwà ni jàre.

Noosi_London: @Baba_Ibeji ẹ ò jayò pa sà, àmọ́ mi ò gbà tán. Èmi náà ti ṣe náìtì nílé, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, wọ́ọ̀dù kún fọ́fọ́, iná lọ, mi ò tíì jẹun, ẹni tó níwà jù á fẹ́rẹ̀ẹ́ jágbe tó bá di aago mẹ́rin ìdájí. Kò ní kí wọ́n jágbe mọ́ aboyún ṣá o. Peter Salovey àti John Mayer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí wọ́n kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí ní 1990, tí wọ́n pè é ní emotional intelligence, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe é àti ohun tó ń ṣe ẹlòmíì, kó wá fìyẹn darí ohun tó fẹ́ ṣe. Wọn ò ní kójú ẹnikẹ́ni gbẹ. Níbi tí mo wà báyìí a máa ń ṣe ìpàdé kan tí wọ́n ń pè ní Schwartz Rounds, orúkọ ẹ̀ wá látorí lọ́yà kan ní Boston, Kenneth Schwartz, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ní 1995, ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú pé àánú àwọn tó tọ́jú òun ló jẹ́ kí ìyà náà ṣeé fara dà. Ìpàdé yẹn dé UK ní 2009. Dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gbálẹ̀, gbogbo wa á jókòó, àwọn mélòó kan á sọ bí ọ̀rọ̀ aláìsàn ṣe rí lára wọn, a ò ní dá wọn lẹ́bi, a ò sì ní máa wá ojútùú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe irú ẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò gba owó, ẹ ṣáà má dárúkọ aláìsàn.

NọọsiỌla: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé ẹ̀yin ará London. Tí ìyá kan bá wá bi mí pé nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ mi ti kú, tí dókítà ò tíì dé ńkọ́?

Ìyá Wọ́ọ̀dù: Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń túfọ̀. Àmọ́ má purọ́ pé ọmọ ń sùn, má sì sá lọ. Ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó, pé ò ń pe dókítà wá, kó o bi í pé ta ló bá a wá, wá àgbà kan nínú ẹbí wọn jókòó tì í kí dókítà tó la ẹnu, inú yàrá o, kì í ṣe kọ́rídọ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè owó bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, mo ti rí i rí.